Ta Ló Ni Egungun Yìí?

Agbẹ́kànga ti egungun itan kan jáde nínú kòtò, egungun náà sì gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ní ìlú Ìpara, ẹni tí wọ́n bá sin baba rẹ̀ sínú ilẹ̀ ló ni ilẹ̀, láti ìgbà tí ogun ti parí sì ni ìdílé Awódélé àti ìdílé Fákáyọ̀dé ti ń jà du ibí yìí.

"Baba wa nìyí," ni Awódélé wí. "Wọ́n ga."

"Baba tiwa ni," ni Fákáyọ̀dé dáhùn.

Tíṣà ìjọ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ẹranko ni. Mo rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé. Ó dà bí alángbá, ó ga tó igi ọ̀pẹ, ewé ló sì ń jẹ. Kò tíì sí ènìyàn láyé nígbà tí irú rẹ̀ wà."

"Baba wa fẹ́ràn ẹ̀fọ́," ni Awódélé wí.

Agbẹ́kànga tún fa egungun mìíràn jáde. Ìrù ni, kò sì tètè tán.

Fákáyọ̀dé wò ó títí, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kọjú sílé. "Ẹ máa mú ilẹ̀ yín. Baba tiwa ò nírù."

"Tiwa nírù," ni Awódélé wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún egungun náà.

Nígbà tó dìde, kó tó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìdí ara rẹ̀ wò.