Déètì Kan Náà Nínú Ìwé Mẹ́tàdínlógójì

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé fi bírò pupa fagi lé ìdáhùn kẹrin, ó ṣí ìwé tó tẹ̀ lé e, ó tún fagi lé e. Nígbà tó dórí ìwé kẹwàá, ó gbé bírò sílẹ̀, ó yẹ gbogbo ìyókù wò. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó parí ogun kan nínú ìtàn ìlú wọn ni ìbéèrè náà. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá ni. Gbogbo ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógójì ló kọ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún.

Ẹnì kan lè ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n odindi kíláàsì kì í sùn kó lá àlá kan náà.

Kò tíì pé oṣù kan tó dé ilé-ìwé náà. Olùkọ́ ìtàn, tí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè ní Màmá, ló ni kíláàsì. Ìgbà tí ìdánwò parí ni dókítà ní kí Màmá lọ sinmi, ni ìwé ìdánwò bá bọ́ sọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá. Ó bi àwọn olùkọ́ yòókù léèrè irú ọmọ tó wà ní kíláàsì náà.

"Ọmọ dáadáa ni wọ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ara túbọ̀ fu ú.

Ó ránṣẹ́ pe olórí kíláàsì, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

"Ta ló fún yín ní ìdáhùn?"

"Kò sí o, sà."

"Àbí ẹyẹ ló bà lé fèrèsé tó sọ ọ́ sí yín létí?"

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín.

"Tí mi ò bá gbọ́ òótọ́ kí aago ìparí tó lù, màá fagi lé gbogbo ìdánwò yín. Kò sẹ́ni tó máa wọ kíláàsì àṣekágbá nínú yín. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà."

Ó ní kó lọ kó ìwé àkọsílẹ̀ wọn wá. Ó ṣí mẹ́fà. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ni wọ́n dà kọ láti ojú pátákó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ déètì tó tọ̀nà, kékeré báyìí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kọ! Irú ọgbọ́n wo nìyẹn?"

"A rò pé Màmá ló máa máàkì í ni, sà."

"Kí ló wá kan Màmá níbẹ̀?"

"Ọjọ́ yẹn ni a lọ sin ọmọ wọn, ẹni tó máa ń jókòó tì mí, sà," ni ọmọbìnrin náà wí, "òun ni wọ́n kọ sójú pátákó lọ́jọ́ tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè nawọ́ sókè nínú wa."