Shuaib Tí Kò Lè Sọ Pé "Èmi Ni"

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí kò wúwo lẹ́nu ọmọdé rárá, àmọ́ tí Shuaib, ọmọ Tàíbátù, kò lè sọ títí ó fi tó ìyàwó fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "èmi ni." Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì rẹwà lọ́mọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíì ló bà á jẹ́.

Ẹ má tíì bínú sí i o. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Òun nìkan lọmọ tó dúró fún Tàíbátù nínú ilé ńlá wọn ní Agége, níbi tí ayálégbé pọ̀ sí. Nígbà tó ń kọ́ ìrìn, bó bá ṣubú, ìyá rẹ̀ á sáré wá, á fọwọ́ na ilẹ̀ gbàgbà. "Ilẹ̀ burúkú! Ìwọ lo gbé ọmọ mi ṣubú!" Ọmọ á rẹ́rìn-ín, ó tán. Ìyá wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kékeré? Kò sí aburú níbẹ̀. Àmọ́ Tàíbátù kò jáwọ́. Nígbà tí Shuaib fìdí rẹmi níléèwé, tíṣà ni ìyá rẹ̀ lọ bá jà. Nígbà tó fọ́ fèrèsé ayálégbé, Tàíbátù ní ta ló ní kí wọ́n fi gíláàsì ṣe fèrèsé. Ọmọ náà dàgbà bí ẹni tí wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí gbogbo ibi tó lè ṣubú sí.

Ó ríṣẹ́ sí békìrì Alájì Sànyà, ará Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣe búrẹ́dì nítòsí ojú irin. Ìdí ààrò ni wọ́n fi í sí. Ibẹ̀ ló ti rí Hameedah, tó ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá ní yàrá iwájú. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, ìyẹ̀fun kì í wọ́n létí ìborùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, wọn á jọ rìn lẹ́bàá ojú irin, òórùn búrẹ́dì gbígbóná á máa tẹ̀ lé wọn, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ á pọ́n bí epo. Nígbà míì wọn kì í sọ nǹkan kan títí wọ́n á fi délé. Shuaib fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Àwọn òbí ti pàdé, wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, kùrukùru ọyẹ́ bo Agége, ooru ààrò sì ń rọra fẹ́ sí Shuaib lójú. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó wà nídìí ààrò kì í jókòó bí búrẹ́dì bá wà nínú iná. Shuaib jókòó. Ó fẹ̀yìn ti àpò fúláwà, ojú rẹ̀ wúwo, oorun gbé e lọ sí Ìkẹjà GRA. Ó rí ara rẹ̀ lábẹ́ àwọn igi ńlá, ní òpópónà tó dákẹ́ rọ́rọ́. Géètì kan ṣí fúnra rẹ̀. Hameedah jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, ewé ń já bọ́ sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan ń ta sánsán nínú ọgbà. Áà, oorun yẹn dùn!

"Shuaib! Shuaib, dìde! Ó ń jó!"

Hameedah ló ń jì í léjìká. Òórùn náà ló gbọ́ tó fi sá wá. Wọ́n jọ fa àwọn páànù jáde, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́, gbogbo búrẹ́dì ti di èédú. Ọtẹ́ẹ̀lì kan ní Allen, n'Ìkẹjà, ló ní kí wọ́n bá òun ṣe wọ́n, nítorí àlejò pàtàkì. Alájì Sànyà sáré wọlé, ó ń wúkọ́.

"Ta ló jó búrẹ́dì mi?"

Ẹ gbọ́, kò sóhun tó le níbẹ̀ o. Alájì fẹ́ràn ọmọ yìí. Ì bá bú u dáadáa, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí. Àmọ́ ẹnu Shuaib ti mọ ọ̀nà tirẹ̀.

"Hameedah ni, Alájì. Ó wá ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò rójú wo iná mọ́."

Hameedah yíjú sí i. "Shuaib, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

Shuaib ń wo àwọn páànù.

"Ta ló ní kí o kúrò ní yàrá iwájú?" Alájì bi ọmọbìnrin náà. "Kó ẹrù ẹ, máa lọ sílé."

Omijé bọ́ lójú Hameedah. Ó gbọn ìyẹ̀fun ara aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ó dùn ún wọ egungun.

Kò pẹ́ tí bàbá Hameedah fi ránṣẹ́ pe Shuaib àti ìyá rẹ̀. Bàbá tó máa ń fohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Hameedah jókòó tì í.

"Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Iṣẹ́ tó bọ́, Ọlọ́run á pèsè òmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́. Bí o bá sọ òtítọ́ rẹ̀, yìgì á wáyé lọ́jọ́ tá a dá. Ta ló jó búrẹ́dì?"

Aṣọ fèrèsé ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Hameedah ń wo ẹnu Shuaib, ètè tirẹ̀ náà ń mì, bí ẹni pé ó fẹ́ bá a sọ ọ́. Shuaib fẹ́ sọ ọ́. Lóòótọ́ ló fẹ́ sọ ọ́! Ó lanu, ó wá ọ̀rọ̀ náà, kò rí i.

"Ooru ààrò yẹn ni, Bàbá. Ó pọ̀ jù."

"Ẹ ò rí i!" ni Tàíbátù wí. "Wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sídìí iná láti àárọ̀. Ẹ̀bi ọmọ mi kọ́."

Bàbá Hameedah mirí. "Ìyá Shuaib, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Mi ò lè fọmọ mi fún un. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nílé wọn, ọmọ mi ni yóò máa dá lẹ́bi."

Hameedah dìde, ó wọ yàrá lọ, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Shuaib àti ìyá rẹ̀ gba ẹ̀bá ojú irin padà. Ẹsẹ̀ Shuaib ń gbé e lọ bí ẹni tí kò tíì jí. Tàíbátù dì í lọ́wọ́ mú. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Wọn ò mọyì ẹ."

Shuaib já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ẹ̀yin ni, Màámi! Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹnu yín ló lé ìyàwó mi lọ. Ẹ má tẹ̀ lé mi mọ́!"

Ó kó jáde nílé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sì yà kí ìyá rẹ̀ mọ́ títí di òní. Àmọ́ lọ́jọ́ náà lẹ́bàá ojú irin, Tàíbátù dúró, ó wò yíká, bóyá á rí ẹlòmíì tí yóò di ẹ̀bi náà rù. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ àfi òun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò ṣòro. Ẹ fẹ́ràn ọmọ yín, ẹ kẹ́ wọn, àmọ́ bí wọ́n bá ti ní làákàyè, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó jẹ́ ẹ̀bi wọn, kí wọ́n sì mọ bí a ti ń tọrọ àforíjì. Ọmọ tí kì í jẹ̀bi nínú ilé yín yóò wá ẹni tó máa ru ẹ̀bi rẹ̀ níta, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni yóò sì kọ́kọ́ gbé e lé lórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ti kẹ́ bàjẹ́ náà, ẹ ti dàgbà báyìí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni.