Orúkọ Tó Wà Láyà Ṣọ́jà

"Dúró síbẹ̀!"

Obìnrin adarí fíìmù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn sinimá. Àwọn èrò ti ń pàtẹ́wọ́ nínú ilé. Fíìmù tí wọ́n ń retí lọ́sàn-án yìí, inú àpò rẹ̀ ló wà. Gbogbo Ouagadougou ló sì mọ̀ pé àwọn agbésùnmọ̀mí ti búra pé àjọ̀dún sinimá tọdún yìí ò ní parí.

"Kí ló wà nínú àpò?" Ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń bi í.

"Fíìmù ni, ọ̀gá. Mo ti pẹ́."

"Tú u."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò náà. Bó ṣe gbójú sókè ló rí orúkọ tí wọ́n rán mọ́ àyà ṣọ́jà náà: NIKIEMA. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Orúkọ àwọn Mọsi nìyẹn, ọmọ Mọsi ni! Òun sì rèé, ọmọ Sámò. Láti ayé baba ńlá wọn ni ẹ̀yà Mọsi àti ẹ̀yà Sámò ti ń fi èébú ṣeré, tí wọ́n ń pe ara wọn lẹ́rú. Ẹni tó bá bínú ni ojú ń tì.

"Áà, ẹrú mi!" ló fi ẹ̀rín pariwo. "Ta ló gbé ìbọn fún ẹ? Yà lọ́nà kí olówó ẹ kọjá, kí n tó fi ẹ́ pààrọ̀ orí ajá!"

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Ta lò ń pè lẹ́rú?"

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Mọsi wo ni kò mọ eré yìí? Ojú rẹ̀ padà sára orúkọ yẹn. Lábẹ́ rẹ̀, ihò ọta ìbọn kékeré kan wà lára aṣọ náà, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì yí i ká.

Ọkùnrin náà rọra ṣílẹ̀kùn fún un.

"Wọlé," ló wí. "Ìwọ nìkan ló kù."