Ẹ̀rọ Kan Ṣoṣo Ló Kù

Áàpù tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ kọ máa ń ṣí géèmù oríṣi ẹ̀rọ ìṣeré àtijọ́ mẹ́tàlélógún lórí fóònù.

Àbúrò ń gé e kù, kó lè ku ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

"Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà lò ń bà jẹ́ yìí, ọ̀dàlẹ̀." Orí àga ni Ẹ̀gbọ́n ti ń pariwo.

Àbúrò kọ etí ikún, ó ń pa kóòdù rẹ́ lọ. "Fóònù yín ò lè gba gbogbo ẹ̀."

"Ṣé mo rán ẹ níṣẹ́ ni?"

Kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́. Áàpù kékeré náà wọ fóònù. Àbúrò ju fóònù sórí itan Ẹ̀gbọ́n.

"Gbogbo èyí tí mo yọ, ọwọ́ méjì ni wọ́n ń fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí kò ṣeé gbé sókè mọ́ láti ìgbà tó ti ọsibítù dé.

"Ta ló ní kó o ṣàánú mi, oníranù?"

Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ti ń tẹ géèmù lórí fóònù náà.