Ọmọ Mi Tó Wà Lókè

"Ọmọ mi tó wà lókè, ohùn rẹ̀ ń já," Ìyá Ìbejì wí fún Mọ̀núrù. "Àwòrán rẹ̀ náà á kàn dúró gbagidi. Látòkè ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Mọ̀núrù rẹ́rìn-ín sínú. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àwọn ará Ẹnu Ọ̀wá, kò sì tíì wọ ilé kan tí wọn ò ti kọ́ ọ níṣẹ́ rẹ̀.

"Alhaja, ìta ni ìṣòro ti sábà máa ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ ráútà wò."

"Mo gbọ́. Ṣáà bá mi ṣe é kó má já mọ́. Tí ìpè yìí bá fi lè lọ, kí ló kù fún mi?"

Àánú rẹ̀ ṣe Mọ̀núrù. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìyá yìí. Ìbejì ọkùnrin ló bí, wọ́n sì jọra débi pé àfáà ilé kéú máa ń na ọ̀kan nítorí ẹ̀ṣẹ̀ èkejì. Táyé ti lọ sí Kánádà. Kẹ́hìndé wà nínú ilé baba wọn níbí, ní yàrá òkè, ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ìyá wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́, Kẹ́hìndé náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bó bá gbé oúnjẹ wá, á gbé e kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ láìsọ̀rọ̀, á sì padà sókè. Àwọn aládùúgbò ní ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Wọ́n ní Táyé tó jìnnà ló mọyì ìyá, torí kò sí ọjọ́ tí kì í fi fídíò pè é lẹ́yìn ìrun alásárì.

Mọ̀núrù ṣí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó so ó mọ́ ráútà inú pálọ̀. Ọ̀nà tó ti ìta wọlé mọ́ tónítóní. Ìyára ọgọ́rùn-ún ni iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì náà kọ sára páálí. Ọgọ́rùn-ún yẹn kì í pé lójú ayé, Mọ̀núrù kò sì retí pé kó pé, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé tó fídíò gbogbo ojúlé tó wà ní òpópónà náà. Ojú ihò wáyà kan ṣoṣo ni àṣìṣe ti ń jọ lé ara wọn, ìyẹn èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn lọ sí yàrá Kẹ́hìndé. Ó jọ pé eku ti jẹ wáyà náà. Mọ̀núrù fi í sílẹ̀, torí pálọ̀ ni ìyá máa ń jókòó sí gba ìpè tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù ìyá fi dún. Ojú Táyé yọ, ó dé fìlà onírun, ògiri funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun? Ṣé o rí oorun sùn?"

"Mò ń sùn díẹ̀díẹ̀, Màámi."

Òógùn wà létè rẹ̀. Mọ̀núrù ti gbọ́ pé wọ́n máa ń dáná sínú ilé nílùú òtútù.

"O kú ìrójú," ni ìyá wí. "O kú ìrójú o, ọmọ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán náà dúró. Mọ̀núrù yára wo lápútọ́ọ̀pù. Ìpè tó bá wá láti Kánádà, ìta ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ń gba ìta kọjá. Wáyà òkè nìkan ni iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Ìpè náà kò jáde nínú ilé rárá.

Ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Kẹ́hìndé ló jókòó síbẹ̀, ó dé fìlà onírun nínú ooru, ó ta aṣọ funfun sára ògiri. Ó pa ìpè náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì dorí kodò.

"Táyé ti kú, Mọ̀núrù. Ọkọ̀ ló gbá a. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pè mí láti ọ̀hún, kílẹ̀ tó ṣú wọ́n ti sin ín."

Mọ̀núrù jókòó sílẹ̀. Táyé ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́.

"Dókítà ní ìfúnpá Màámi ò gba ìròyìn burúkú," Kẹ́hìndé ń bá a lọ. "Mo ní kí n ṣe bí ẹni pé òun ni lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ò tíì tán." Ó fọwọ́ kan àpá kékeré lábẹ́ ojú rẹ̀. "Táyé ò ní eléyìí. Tí àwòrán bá mọ́lẹ̀, Màámi á rí i, ó sì máa pa wọ́n. Jọ̀ọ́, má tún wáyà yẹn ṣe."

Àwọn méjèèjì sunkún díẹ̀, láìjẹ́ kí ìyá gbọ́. Lẹ́yìn náà Mọ̀núrù nu ojú, ó sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alhaja," ó ní. "Láti Kánádà lọ́hùn-ún ni. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i."

Ìyá Ìbejì wò ó títí Mọ̀núrù fi gbé ojú kúrò. Ìyá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á wálẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kó má baà dé orí àtẹ̀gùn.

"Mo bẹ̀ ọ́, bá mi ṣe é kó dáa, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Táyé, Kẹ́hìndé ò lè la ẹnu bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àfi tó bá di Táyé."