Fóònù Àlòkù Tó Sáré Ju Kọ̀ǹpútà Lọ

Ọ̀jọ̀gbọ́n, bó ṣe ń pe ara rẹ̀, ń dán ètò tó kọ láti máa fi ti fáìlì pa wò.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ tuntun lo ìṣẹ́jú àáyá méje. Fóònù àlòkù àbúrò rẹ̀ ò lo ẹyọ kan.

Ara fu àbúrò. Nọ́ọ̀sì ni; àṣírí àwọn aláìsàn rẹ̀ ló wà nínú fáìlì tí wọ́n fi ń dán an wò.

"Bùrọ̀dá, fóònù tí kì í tètè tàn yìí?"

"Ọpọlọ mi nìyẹn! Mo ti gbé ètò náà síta lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹ̀rún èèyàn ti gbà á." Ó tún kọ́là ṣe.

Nọ́ọ̀sì tẹ fáìlì náà. Ó ṣí.

"Ta ló fún ẹ ní páàsìwọ́ọ̀dù?"

"Kò béèrè, sà."

Ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ sílẹ̀. "Bí iṣẹ́ títi fáìlì pa bá ju agbára ẹ̀rọ lọ, mo ní kí ètò náà fò ó, kó má baà máa wọ́."