Iná Pupa Tí Kò Ṣọ́ Mọ́tò Kankan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní mọ́tò tí ẹ mọ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń rí mi lára, mi ò sì lè dá a gbé mì.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta áláàmù mọ́tò, òun náà ló sì ń bá àwọn oníbàárà so ó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Bó bá ti parí iṣẹ́, á ní, "Ó ti bùṣe, ẹ lọ sùn." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹ-Lọ-Sùn nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Aránṣọ ni. Aṣọ ilé-ìwé ló máa ń rán, mọ́tò rẹ̀ ló sì fi ń kó wọn lọ fún àwọn tó gbéṣẹ́ fún un. Nígbà tí olè bẹ̀rẹ̀ sí í jí mọ́tò ládùúgbò, ó lọ bá àbúrò rẹ̀.

"Èwo ló dára jù nínú gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Èyí ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bí olè bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Bó bá tiẹ̀ ráyè wọlé, ẹ́ńjìnnì ò ní dá a lóhùn."

"Òun ni kí o bá mi so. Mi ò wá ẹ̀dínwó o, iṣẹ́ rẹ ni."

Nígbà tí mọ́tò padà dé, iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú níwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Ó tẹ rìmóòtù mọ́tò bó ṣe máa ń ṣe, ilẹ̀kùn tì. Inú rẹ̀ dùn. Gbogbo ẹni tó wà lójú títì ló sọ fún pé, "Ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò mi o, á ké mọ́ yín."

2.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó aṣọ ilé-ìwé tuntun kún inú mọ́tò fọ́fọ́, ó tì í, ó sì wọlé láti fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tó kù. Ìgbà tó máa fi jáde, mọ́tò ti lọ.

Aránbàtà tó ń jókòó ní òdìkejì títì rí gbogbo rẹ̀.

"Mo rí ọkùnrin yẹn," ó ní. "Ó fọ́ gíláàsì, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Mo ti la ẹnu láti pariwo. Ṣùgbọ́n mọ́tò ò ké. Ẹ̀yin lẹ sì sọ pé á ké mọ́ àlejò. Mo ní bóyá ará ilé yín ni, tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rí i? Ká ní mọ́tò yẹn ò ní áláàmù rárá, igbe aránbàtà ì bá ti lé olè lọ.

3.

Àwọn èèyàn wá bá aránṣọ kẹ́dùn. Ẹ-Lọ-Sùn náà wá. Ó jókòó láàárín wọn, ó ń mi orí, ó ń nu ojú tí kò sí omi níbẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́. Ó wá ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ronú mọ́. Bí ẹ bá ti ra mọ́tò mìíràn, mo ní áláàmù kan tó ju ti àkọ́kọ́ lọ."

"Èwo ló tún ju èyí tó dára jù lọ?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

Kó tó fèsì, obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà dìde. Oníbàárà Ẹ-Lọ-Sùn lòun náà. Ó jáde, ó ti mọ́tò rẹ̀ pa, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì. Kò ké. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà. Kò ké. Iná pupa nìkan ló ń ṣẹ́jú.

"Bátìrì ló ti lọ sílẹ̀," Ẹ-Lọ-Sùn sọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Mọ́tò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà dé ibí?"

Tíṣà ránṣẹ́ pe ẹni tó ń ṣe wáyà mọ́tò nítòsí. Ìyẹn tú ibi tí iná wà. Bátìrì bíńtín, irú ti aago ọwọ́, ni wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sí fèrè tó yẹ kó máa ké. Kò sí wáyà kankan tó lọ sídìí ẹ́ńjìnnì.

"Iná lásán ni wọ́n tà fún yín," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé irú èyí náà lo fi sí tèmi?"

Ẹ wá gbọ́ èsì rẹ̀, òun ló kó mi nírìíra jù:

"Ẹni tó bá máa dán an wò lójú mi ni mo máa ń so gidi fún. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ò dán an wò."

Àlejò tó fura sí i rí gidi gbà. Ẹni tó gbé e pọ̀n rí iná lásán.

"Èmi tí mo tọ́ ẹ," ni ẹ̀gbọ́n sọ jẹ́jẹ́, "ṣé kí n máa dán ìwọ náà wò ni?" Ó ní kó dìde lórí àga òun.

4.

Ní ọjọ́ kejì, mọ́tò kún iwájú ṣọ́ọ̀bù Ẹ-Lọ-Sùn, oníkálukú ń gbá mọ́tò ara rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Díẹ̀ ké. Púpọ̀ dákẹ́. Ọkùnrin náà gba ẹ̀yìn sá lọ. Ní báyìí, níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ kó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Wọn ò rí mọ́tò aránṣọ mọ́. Iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àbúrò rẹ̀ ti wá bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dá àjèjì tó ń béèrè ọ̀nà lóhùn ni.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin onímọ́tò. Iná tó ń ṣẹ́jú kọ́ ni áláàmù. Ẹ ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi fèrè rẹ̀ hàn yín. Ẹ ti mọ́tò pa, kí ẹ gbá a níṣojú ẹni tó so áláàmù, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Bó bá bínú, ẹ gbé mọ́tò yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìwọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò dán ọ wò ti fi ara rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Bó o bá rẹ́ ẹ jẹ, o ò gbọ́n, o kàn rùn ni.

Àwọn àgbà ò purọ́: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.